Òórùn Iyèré Nínú Ìgò Syrah

Ìgò wáìnì pupa márùn-ún, tí wọ́n fi èso àjàrà tó ń jẹ́ Syrah ṣe, ni mo tò sórí tábìlì lọ́sàn-án Sátidé yẹn, nínú oṣù kọkànlá ọdún 2024. Mo ti fi ìwé ìròyìn wé gbogbo wọn láti ọrùn dé ìdí, mo kọ nọ́ńbà sí wọn lára, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà fi orúkọ ìgò mu ọtí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló wá kí mi láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo bu ti àkọ́kọ́ sínú gíláàsì, ìwọ̀n ìka méjì péré, mo gbé e fún wọn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ ná, ẹ má tíì mu ún." Wọ́n tẹ imú bọ inú gíláàsì, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Èso dúdú kan ni mò ń gbọ́. Ó sì dà bíi pé wọ́n ń yan ẹran níbì kan tó jìnnà." Mo ní, "Iyèré ńkọ́?" Wọ́n tún tẹ imú bọ̀ ọ́.

"Iyèré bí i ti báwo?"

Ìyá kan náà ló bí wa, abẹ́ òrùlé kan náà la sì ti jẹun dàgbà. Nígbà tí ìyá wa bí àbíkẹ́yìn wọn nílé wa n'Ídànrè, ìyá ìyá wa ló wá gbé ọmọ pọ̀n. Wọ́n á yan iyèré lórí iná títí á fi máa ta sánsán, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ ẹẹ̀rù, wọ́n á sì dà á sínú omi ọbẹ̀ ẹja gbígbóná, kí inú ọlọ́mọ tuntun lè mọ́ dáadáa. Láti ẹnu ọ̀nà lo ti máa mọ̀ pé iyèré wà lórí iná. Kò sí bí ẹni tó gbé inú ilé yẹn ṣe lè gbàgbé òórùn yẹn. Òun náà ló kọ́kọ́ pàdé mi nínú gíláàsì kìíní, ó tilẹ̀ ṣáájú èso. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ ọ rárá.

Ìlú Lyon ní Faransé ni mo ń gbé láti ọdún mẹ́jọ, ilé ìdáná ilé oúnjẹ kan ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Lyon, tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Rhône, kò ju bíi wákàtí kan lọ tí ẹ ó fi dé Tain-l'Hermitage. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, mo gbójú sókè, mo rí òkè kan tó dúró gbagidi lẹ́yìn ìlú, àyà mi sì lọ sókè. Ọmọ Ìdànrè ni mí. Mo mọ òkè olókùúta. Akọ òkúta ni apá ìwọ̀-oòrùn òkè Hermitage yẹn, irú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní granit, irú èyí tí àwa náà ń gùn láti kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibí ti mọ ògiri òkúta sí i ní ìpele-ìpele láti ìsàlẹ̀ dókè, wọ́n sì gbin àjàrà sí orí ìpele kọ̀ọ̀kan. Lórí àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ga jù, igi àjàrà kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀pá tirẹ̀ tí wọ́n so ó mọ́, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fi ọ̀pá ti iṣu lóko. Katakata kò lè gun ibẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kórè rẹ̀.

Òkè yẹn ni gbogbo ayé mọ̀, kò sì tóbi: kò ju nǹkan bí 140 hẹ́kítà lọ. Ilẹ̀ Crozes-Hermitage tó yí i ká tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì tẹ́jú. Tí ẹ bá fẹsẹ̀ gba orí afárá kọjá sí Tournon lódìkejì odò, ẹ ti wọ ilẹ̀ Saint-Joseph nìyẹn, tó gùn lẹ́bàá odò tó 50 kìlómítà. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni Cornas wà, abúlé kékeré tí òkè yí ká bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ gbá a mọ́ra, tí ẹ̀fúùfù mistral kò fi bẹ́ẹ̀ rí i gbá. Òfin Cornas kò gba èso mìíràn: Syrah nìkan ni, látorí àgbá dé ìgò. Ọtí Hermitage fúnra rẹ̀ kò sí lórí tábìlì mi. Owó rẹ̀ ju tèmi lọ.

Ọ̀pọ̀ ìwé á sọ fún yín pé ẹni tó bá ń mu Syrah apá òkè Rhône nígbà tó ṣì kéré ń ṣòfò, pé kí ẹ gbé e pamọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, mi ò sì gbà á gbọ́ mọ́. Àwa tí a dàgbà nídìí ẹmu mọ̀ pé ọtí a máa ní wákàtí. Ẹmu àárọ̀ dùn, ó ṣì ń hó lẹ́nu akèrègbè. Tọ̀sán ti ń le. Ti ìrọ̀lẹ́ ti kan, àwọn àgbàlagbà kan sì wà tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń dúró dè. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún ẹni tó mu ti àárọ̀ pé ó yára jù. Syrah ọlọ́dún méjì ní adùn tí ti ogún ọdún kò ní, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní padà ní in láé. Àwọ̀ rẹ̀ ṣì dà bí aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ó ń kun eyín. Ohun tí ọdún ṣe fún un, ohun tí ilẹ̀ ṣe fún un, gbogbo rẹ̀ ṣì hàn kedere lára rẹ̀. Tó bá ti gbó tán, tó ti di ti awọ àti ewé gbígbẹ, èmi kì í tètè mọ ti ẹ̀gbẹ́ odò yìí yàtọ̀ sí ti òdìkejì mọ́.

Ohun kan wà tí ẹni tó bá fẹ́ mu ún lọ́mọdé gbọ́dọ̀ mọ̀, owó ni mo fi kọ́ ọ. Ọdún kejì mi ní Lyon, mo fi owó iṣẹ́ mi ra ìgò Cornas kan fún ọjọ́ ìbí mi. Mo ṣí i, òórùn tó jáde dà bí ti ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, ẹyin tó ti fẹ́ bàjẹ́ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Mo dà á sínú ibi ìfọwọ́, gbogbo rẹ̀, mo sì jókòó síbẹ̀ tí inú mi bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo sọ fún ẹni tó ń bójú tó ọtí níbi iṣẹ́ wa, ó di orí mú. Ó ní bí Syrah ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí atẹ́gùn kò bá tó o nígbà tó ń kan nínú àgbá: òórùn imí ọjọ́ á bà lé e. Ó ní ká ní mo dà á sínú jọ́ọ̀gì ńlá, kí n mi ín dáadáa, kí n fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, ó ṣeé ṣe kó lọ. Títí dòní, tí mo bá rántí ìgò yẹn, ó máa ń dùn mí, torí mi ò mọ ohun tó fẹ́ sọ fún mi. Láti ìgbà náà, kò sí Syrah kékeré tí mo ń ṣí tí n kì í fún láyè kó mí.

Nítorí náà, aago méjì ọ̀sán ni mo ṣí gbogbo márààrún, aago mẹ́rin la sì bẹ̀rẹ̀.

Ìgò kìíní, ti iyèré yẹn, Saint-Joseph ọdún 2021 ni. Ìkejì, Saint-Joseph ni pẹ̀lú, àgbẹ̀ kan náà, orí òkè kan náà, ṣùgbọ́n ọdún 2022. Àwọn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ràn jù láti gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, torí ọmọ ìyá ni wọ́n, ojú ọjọ́ nìkan ló yà wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin 2021, òtútù yìnyín bo oko àjàrà káàkiri Faransé lóru nígbà tí ewé tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú. Àwọn àgbẹ̀ ń tan àbẹ́là ńláńlá sáàárín poro oko kí ọ̀mùnú má baà kú, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kú. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà tutù, òjò sì pọ̀. Ọdún 2022 ẹ̀wẹ̀, oòrùn àti ọ̀dá ni. Ẹ wo ìgò méjèèjì: agbára ọtí inú ti 2021 jẹ́ 12.5%, ti 2022 jẹ́ 14%. Ti 2021 tín-ín-rín lẹ́nu, ó kan díẹ̀ bí àgbálùmọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, iyèré rẹ̀ sì ń ta lọ títí lẹ́yìn tí mo gbé e mì. Ti 2022 kún ẹnu, ó sanra, èso rẹ̀ ti fẹ́ di èyí tí wọ́n sè pẹ̀lú ṣúgà, ooru ọtí sì wà lọ́nà ọ̀fun. Mo wá iyèré níbẹ̀ títí. Ó wà, ṣùgbọ́n ó ti sá sẹ́yìn pátápátá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa yan ti 2022, ẹ̀gbọ́n mi náà sì yàn án lójú ẹsẹ̀. Èmi, ti 2021 ni mo yàn, ọdún tí àwọn àgbẹ̀ sunkún. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ ju pé èyí tó rí ìyà yẹn ló ń bá mi sọ̀rọ̀ jù.

Ìkẹta ni Crozes-Hermitage 2022, Yúrò 18 ni mo rà á nígbà náà, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ó rọ̀, ó dùn, èso rẹ̀ pọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ fi sínú fíríìjì fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún.

Ìkẹrin, Cornas 2021. Èyí ni mo fi ojú sí lára jù, bóyá nítorí gbèsè ìgò tí mo dànù. Dúdú ni nínú gíláàsì, ó ń dán bí omi kànga jíjìn. Mo mu ún, kò sí nǹkan kan fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, lẹ́yìn náà ni gbogbo ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí í fún pọ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́, èrìgì, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n. Ẹni tó bá ti fi eyín gé obì lówùúrọ̀ láìtíì jẹun mọ ohun tí mò ń sọ. Èèpo èso àjàrà àti kóró rẹ̀ ló ń fa èyí, ohun kan náà ló sì wà nínú obì. Ẹni tó bá tu obì dànù nígbà tó korò kò ní mọ̀ pé tó bá mu omi lé e, omi náà á dùn lọ́nà tí omi kì í dùn. Mo gbé Cornas mì, mo dúró. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan, ó tú ẹnu mi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, adùn kan sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ọ̀fun, bí ti ólífì dúdú àti òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Mo rántí ìsàlẹ̀ òkè wa lẹ́yìn òjò. N kò sọ pé adùn òkúta wà nínú ọtí, gbòǹgbò kì í jẹ òkúta. Ohun tí mo rántí ni mò ń sọ.

Ìkarùn-ún wá láti Swartland ní Gúúsù Áfíríkà. Ó pọn dandan kó wà níbẹ̀, torí ìgò Gúúsù Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ pàdé èso yìí ní Nàìjíríà, lábẹ́ orúkọ Shiraz. Orúkọ méjèèjì, èso kan ni. Ní 1832 ni James Busby kó ẹ̀ka àjàrà láti Yúróòpù dé Ọsirélíà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ ọ́ di Shiraz títí dòní. Ìtàn tí orúkọ yẹn gbé dání ni pé láti ìlú Shiraz ní Pásíà ló ti wá. Wọ́n tún ní jagunjagun kan tó ń jẹ́ Gaspard de Stérimberg, tó fẹ̀yìn tì sórí òkè Hermitage láti gbàdúrà ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ló gbé e wá. Ìtàn tó dùn ni. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1998, àwọn onímọ̀ ní Davis ní California àti ní Montpellier yẹ àbùdá rẹ̀ (DNA) wò, wọ́n sì rí òbí rẹ̀ méjèèjì: Dureza ti agbègbè Ardèche, àti Mondeuse Blanche ti Savoie. Méjèèjì kò jìnnà sí odò Rhône. Ọmọ onílẹ̀ ni Syrah látilẹ̀wá. Ìgò Swartland náà gbóná lára, oòrùn wà nínú rẹ̀, ewéko gbígbẹ àti èéfín díẹ̀, ó sì mọ́ ju bí mo ti rò lọ. Wọ́n ń gbìn ín ní Brasil náà, létí odò São Francisco, ní ààlà Bahia àti Pernambuco, níbi tí ooru kì í ti í lọ, tí wọ́n sì lè kórè lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. N kò tíì rí ìgò ibẹ̀ rà. Mo ń wá a.

Ṣùgbọ́n ìgò kìíní ni ọkàn mi wà. Mo dìde, mo lọ mú ata dúdú oníhóró tí mo ń lọ̀ sórí ẹyin, mo lọ̀ ọ́ sínú àwo, mo gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ó ń ta àwọn nímú, wọ́n sín. Mo ní, "Òórùn tó wà lábẹ́ títa yẹn ńkọ́, tó dà bí igi, tó dà bí iyèré tí a yan?" Wọ́n wò mí pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan, mi ò sì ní parọ́ fún ọ."

Mo ti kà nípa rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mi ò rí i lójú ẹni tí mo mọ̀ rí. Ọdún 2008 ni àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà tẹ ìwé jáde nípa ohun tó ń fa òórùn yìí nínú Syrah. Rotundone ni wọ́n ń pè é, inú èèpo èso ló ń gbé, òun kan náà ló sì wà nínú ata dúdú. Ọdún tó tutù ló máa ń pọ̀ sí, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí 2021 fi ń ta lára tó bẹ́ẹ̀. Agbára rẹ̀ yani lẹ́nu: nanogram 16 nínú lítà kan ti tó kí imú tó mọ̀ ọ́n gbọ́ ọ. Ìyẹn ni pé gíráàmù kan péré á tó fún ohun tó lé ní 60 mílíọ̀nù lítà wáìnì pupa. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n fi dán an wò, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún kò gbọ́ ọ rárá, kódà nígbà tí wọ́n fi kún un lọ́pọ̀lọpọ̀. Kì í ṣe àìmọ̀kan, kì í ṣe àìfarabalẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn kò sí nínú imú wọn ni.

Mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí mi ò retí: "Ṣé iyèré tí Màmá Àgbà ń yan, ṣé bí èmi ṣe gbọ́ ọ ni ìwọ náà ṣe gbọ́ ọ?" Mi ò mọ èsì. Ogójì ọdún la ti ń pe ohun kan ní orúkọ kan, tí inú wa sì ń dùn sí i papọ̀.

A padà sídìí gíláàsì. Nígbà tí wọ́n dé orí Cornas, wọ́n ní, "Èyí tún ń ta bíi pàúdà ọmọ ọwọ́." Mo ní, "Pàúdà wo?" Wọ́n ní, "Pàúdà òdòdó. Ó ti lọ báyìí. Ó tún ti dé." Mo gba gíláàsì lọ́wọ́ wọn, mo fi imú wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Láti ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń kà á lẹ́yìn ìgò Syrah pé òdòdó violette wà nínú rẹ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ wa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. N kò gbọ́ ọ rí. Mo rò pé ó wulẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọlọ́tí fi ń ṣe ẹwà lẹ́nu ni, èmi náà sì ti bá wọn sọ ọ́ rí fún oníbàárà, ohun tí ń kò ní ṣe mọ́. Ọ̀kan lára olórí ohun tó ń gbé òórùn violette jáde ni wọ́n ń pè ní beta-ionone, òun náà sì ní àwọn tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ: ní 2013 ni àwọn olùwádìí ní New Zealand fi hàn pé àbùdá kan nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀. Bíà ni ẹ̀gbọ́n mi ń mu. Wọn ò tíì ka ẹ̀yìn ìgò wáìnì kan rí láyé wọn, síbẹ̀ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn, wọ́n gbọ́ ọ.

Mo ya ìwé mi sí méjì láti orí ìgò yẹn lọ, apá kan tèmi, apá kan ti ẹ̀gbọ́n mi, a sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ padà láti orí ìgò kìíní. Ó gba wákàtí méjì sí i. Ní àárín rẹ̀ mo gbé ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́ aláta kalẹ̀, ohun tí mo sì lè sọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń se oúnjẹ jẹun ni pé kí ẹ má gbé Cornas kékeré sítòsí ata rodo. Ọtí á máa mú ata gbóná sí i, ata á sì máa mú kí ọtí náà korò. Crozes tó tutù díẹ̀ ló bá a lọ.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án alẹ́, Cornas náà ti rọ̀. Fífún tó ń fún ẹnu pọ̀ ti di bíi aṣọ òfì tó ti gbé ara, èso pupa kan tí kò sí níbẹ̀ lọ́sàn-án ti yọjú. Mo ní, "Pàúdà yín ńkọ́?" Wọ́n ní ó ṣì ń lọ, ó ṣì ń bọ̀. Wọ́n ní, "Iyèré tìẹ ńkọ́?" Mo ní ó wà níbẹ̀, ní ìdí gíláàsì.

Ìgò Cornas kan náà tún kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù, torí méjì ni mo rà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí n tó sin wọ́n lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e jáde, wọ́n ti fi ìwé funfun wé e lọ́rùn, wọ́n sì fi bírò kọ ọdún 2031 sí i pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílé àti tiwọn.

Wọ́n ní, "Má dá a ṣí o."